Ọkọ̀ Ìbàdàn Rì, Ìbàdàn Ò Gbọ́

Ní oṣù keje ọdún 1967, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Ìbàdàn rì sómi ní Bonny. Ẹ má rò pé àlọ́ la fẹ́ pa o. Ọkọ̀ ogun kékeré ni, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣọ́ etí òkun. Ìjọba Nàìjíríà ló ni ín tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀, ó bọ́ sọ́wọ́ Biafra, àwọn yẹn náà ò sì yí orúkọ rẹ̀ padà. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà gba ojú omi wá láti gba Bonny, wọ́n bá Ìbàdàn lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀. Ibẹ̀ náà ló parí sí.

Ẹ bá wa wò ó. Ìlú tí kò ní etíkun, tí odò inú rẹ̀ ò gba ọkọ̀ ńlá kankan, tí gbogbo ayé ń fi òkè àti páànù tó dípẹtà júwe, ni orúkọ rẹ̀ bá irin lọ sísàlẹ̀ omi níbi tó jìnnà sílé. A bi àwọn ọ̀rẹ́ wa tí wọ́n bí sí Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba, kò sí èyí tó gbọ́ ọ rí nínú wọn. Àwa gan-an ò mọ̀. Nǹkan mìíràn là ń wá tí a fi ṣe kòńgẹ́ rẹ̀.

Ohun tí à ń wá nìyí. Ní Kánádà, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀pọ̀ ọmọ àgbẹ̀ tó dàgbà sáàárín oko àlìkámà, tí wọn ò tíì fojú rí òkun, ló lọ ṣe ológun ojú omi. Lónìí, àwọn ìlú àárín ilẹ̀ níbẹ̀ ní ibi ìrántí fún àwọn atukọ̀ wọn. Nígbà tí a kọ́kọ́ gbọ́, ẹ̀rín pa wá. Kí ni ère atukọ̀ ń wá níbi tí kò sómi? Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá rò ó dáadáa, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kó wà. Ẹni tó kú sínú òkun ò ní sàréè. Ilé tó ti jáde lọ nìkan ló kù tí a ti lè pe orúkọ rẹ̀ kí ẹnì kan sì dáhùn pé òun mọ̀ ọ́n. A wá bi ara wa pé: nínú Ìbàdàn àtijọ́, ta ló gbẹ́ ère fún àwọn tiwa tó gba ojú omi lọ sógun? La bá dìde, a rìn ín.

A bẹ̀rẹ̀ ní Bẹẹrẹ, láàárín Micra àti ọ̀kadà, a gun òkè lọ sí Mápó. Gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí lọ́dún 1929 yẹn ṣì dúró pẹ̀lú àwọn òpó gìrìwò rẹ̀, ó ń wo ìlú nílẹ̀ bí adájọ́. A sọ̀ kalẹ̀ sí Ọjà'ba, ọjà tí oyè Ìbà Olúyọ̀lé ṣì wà lára rẹ̀, torí Ọjà Ìbà ni kó tó di Ọjà'ba lẹ́nu wa. A gba Bẹ́yẹrunkà kọjá, níbi tí ilé ti fẹ̀yìn ti ilé, tí sàréè bàbá àgbà wà lọ́ọ̀dẹ̀ tí àwọn ọmọdé ń jókòó lé e lórí jẹun. Níkẹyìn, a gun Òkè Ààrẹ lọ bá Láyípo. Nínú gbogbo ìrìn yìí, a rí orúkọ jagunjagun lára àdúgbò, a rí orúkọ ìjòyè lára agboolé, a rí orúkọ olóṣèlú lára pátákó lóríṣiríṣi. A ò rí orúkọ ẹyọ ẹnì kan tó wọkọ̀ ojú omi lọ sógun.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ Láyípo, torí òun ni òkúta ìrántí tó ga jù ní Ìbàdàn àtijọ́, ó sì yẹ ká yẹ iṣẹ́ ọwọ́ náà wò dáadáa ká tó bá a jà. Ọdún 1936 ni wọ́n kọ́ ọ parí. Ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 60, àtẹ̀gùn 47 ló wà nínú rẹ̀, tó ń yí po bí ìkarahun ìgbín. Robert Bower ni wọ́n kọ́ ọ fún, ọ̀gágun òyìnbó tó jẹ́ aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn lẹ́yìn ìwé àdéhùn ọdún 1893. Bower yìí kan náà ló yin àgbá ìbọn lu ìlú Ọ̀yọ́ lọ́dún 1895. Ẹni tí wọ́n gbé sórí òkè pé ká máa rántí nìyẹn.

Bí a bá ní ká sọ òótọ́, Láyípo kì í ṣe iṣẹ́ burúkú. Kò ní ojú, kò ní imú, kò na ìka sí ẹnikẹ́ni. Ẹ ó wọlé sínú òkùnkùn, ẹ ó máa gùn ún lọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, èjìká yín á máa kan ògiri, ẹni tó wà níwájú á máa kígbe pé ó kù díẹ̀. Lójijì, ìmọ́lẹ̀ á là, gbogbo Ìbàdàn á sì tẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Iṣẹ́ tó ń ṣe lára èèyàn nìyẹn, ó sì ṣe é dáadáa. Àwọn ará ìlú náà mọ̀. Wọ́n pa Bower tì, wọ́n sọ ọ́ ní Láyípo, wọ́n fi ohun tí ara ṣe nínú ilé náà sọ ọ́ lórúkọ. Kí àwa tó mú kálàmù, ìlú ti ṣe lámèyítọ́ tirẹ̀ tán, ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọdún yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. 1936. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn rẹ̀ ni Ogun Àgbáyé Kejì bẹ̀rẹ̀. Òkúta òkè náà ò tíì gbó rárá nígbà tí wọ́n ń wá ọmọkùnrin kiri lábẹ́ rẹ̀ láti fi ṣe sójà. Ọ̀kan tó ti ṣàkóso wa ní ilé ìrántí tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 60. Àwọn tí wọ́n kó lọ kò ní òkúta tó ga tó orúnkún ní gbogbo ibi tí a tẹ̀ dé lọ́jọ́ náà.

Àwọn wo ni wọ́n kó lọ? Ogun Bóma làwọn bàbá wa máa ń pè é. Àwọn ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó lọ sí Bóma tó nǹkan bí 90,000, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Rélùwéè ti dé Ìbàdàn láti ọdún 1901, ọ̀nà Èkó kò ṣòro mọ́. Ọ̀nà ibi tó kù ló ṣòro. Ẹni tó jẹ́ pé Ògùnpa ni omi tó tóbi jù tó mọ̀, tó ń bẹ̀rù pé kí òjò má sọ Ògùnpa di omíyalé, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ tó gùn ju àdúgbò rẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló fi ń wo omi láìrí ilẹ̀. Abẹ́ omi níbẹ̀, ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ará Jámánì ń bẹ, wọ́n ń wá ẹni tí wọ́n máa rì. Kó tó di pé ó yin ìbọn kan ní Bóma, ó ti fi ẹ̀mí rẹ̀ wewu lórí òkun. Ọ̀rọ̀ ogun Bóma tí wọ́n ń sọ fún wa nílé kì í sábà kan apá yìí. Igbó la máa ń gbọ́. Omi kì í sí níbẹ̀.

Ẹnì kan wà tó jẹ́ ká mọ bó ṣe rí. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, wọṣẹ́ ológun lọ́dún 1942, ọmọ ọdún 16 péré. Olùtọ́jú aláìsàn ni wọ́n fi ṣe. Wọ́n kó wọn sọ́kọ̀ ojú omi lọ sí Íńdíà, wọ́n sì tibẹ̀ wọ Bóma. Lọ́dún 1944, àwọn ará Jàpáàn yìnbọn lu ẹgbẹ́ wọn létí odò Kaladan. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sàró, ló fara gbọgbẹ́ tí wọ́n sá pamọ́ sínú igbó fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí mùsùlùmí ará abúlé kan ń gbé oúnjẹ wá fún wọn, tó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti ìdílé rẹ̀ wewu. Fadoyebo padà wálé. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn náà sílẹ̀, oníròyìn òyìnbó kan, Barnaby Phillips, sì kọ ìwé nípa rẹ̀ tó jáde lọ́dún 2014. Bàbá ti kú ní 2012. Ìwé ni ère tirẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí kò kọ̀wé ńkọ́?

Ká sì má gbàgbé àwọn tó jẹ́ pé atukọ̀ gan-an ni wọ́n. Ọkọ̀ ilé iṣẹ́ Elder Dempster tó ń ná Èkó àti Liverpool, àwọn ọmọ Áfíríkà ló ń ṣe iṣẹ́ agbára inú rẹ̀: nídìí ẹ́ńjìnnì, ní ilé ìdáná, lórí dẹ́ẹ̀kì. Ẹ gbọ́ orúkọ díẹ̀ nínú àwọn ọkọ̀ náà. Àpápá rì lóṣù kọkànlá ọdún 1917. Wọ́n tún ọkọ̀ mìíràn kàn, wọ́n tún sọ ọ́ ní Àpápá, òun náà rì lóṣù kọkànlá ọdún 1940. Abosso rì lóṣù kẹwàá ọdún 1942, èèyàn tó kú nínú rẹ̀ lé ní 360. Lẹ́nu wa lónìí, Àpápá jẹ́ gósílóò àti tírélà. A ò mọ̀ pé ó ti jẹ́ orúkọ òkú ọkọ̀ nígbà méjì.

Ìtàn kan tún wà tó gba iwájú ilé wa kọjá, tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀. Lọ́dún 1917, ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Mendi gbéra láti Cape Town pẹ̀lú ọmọ Gúúsù Áfíríkà 823, tí ọ̀pọ̀ jù lọ wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú, tí wọ́n ń lọ ṣiṣẹ́ lébìrà fún àwọn ológun ní Faransé. Ọ̀pọ̀ wọn wá láti abúlé àárín ilẹ̀, darandaran àti àgbẹ̀. Ọkọ̀ náà yà ní Èkó, ibẹ̀ ni wọ́n ti de ìbọn ńlá mọ́ ọn nídìí, ó sì tẹ̀ síwájú. Ní ọjọ́ 21 oṣù kejì, nínú kùrukùru àárọ̀, ọkọ̀ mìíràn kọ lù ú nítòsí erékùṣù Wight ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó kú nínú wọn lé ní 600. Nígbà tí ogun parí, ìjọba wọn nílé ò jẹ́ kí wọ́n fún àwọn lébìrà aláwọ̀ dúdú ní àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n fún àwọn yòókù.

Kí ló wá gba ìtàn Mendi là? Nǹkan méjì ni. Àkọ́kọ́, àwọn ará ilé wọn ò yé sọ ọ́, láti ẹnu dé ẹnu, títí di ìgbà tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ṣubú. Lọ́dún 1995, Mandela àti Ọbabìnrin Elizabeth ṣí òkúta ìrántí wọn ní itẹ́ òkú Avalon ní Soweto, níbi tí kò sí òkun rárá. Èkejì, orúkọ wọn wà lára ògiri ìrántí Hollybrook ní Southampton, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń wá bàbá ńlá rẹ̀ lè fi ìka tọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Tower Hill ní Lọ́ńdọ̀nù, ibi ìrántí àwọn atukọ̀ ọkọ̀ ọjà tí òkun jẹ́ sàréè wọn. Nǹkan bí 24,000 orúkọ ló wà níbẹ̀ fún Ogun Àgbáyé Kejì nìkan. Ohun tó sì wù wá jù ni bí wọ́n ṣe tò wọ́n: ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀. Àwọn tó jọ rì wà pa pọ̀.

Ẹ wá fi wé ohun tí wọ́n fún wa. Sọ́jà Ìdúmọ̀tà dúró l'Ékòó fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n tó gbé e kúrò lójú ọ̀nà. Àwọn ará Èkó fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n fi júwe ilé, wọ́n fi ṣe àwàdà, ó wọ inú èdè wọn. A ò ní bú u. Ṣùgbọ́n sọ́jà wo ni? Ọmọ ta ni? Kò sẹ́ni tó mọ̀, torí wọn ò gbẹ́ ẹ fún ẹnì kan. Wọ́n gbẹ́ aṣọ, wọ́n gbẹ́ ìbọn, wọ́n gbẹ́ ìdúró. Nígbà tí wọ́n gbé e kúrò, kò sí ìdílé kan tó lè jáde wá pé ẹ má fọwọ́ kan bàbá wa. Ère tí kò lórúkọ, ojú ọ̀nà ló ni ín. Bí ojú ọ̀nà bá fẹ́ fẹ̀ sí i, ère á ká ẹsẹ̀ kúrò.

Èyí kì í ṣe àṣìṣe àwọn agbẹ́gilére. Ìpinnu ni. Lọ́dún 1923, Gómìnà Guggisberg ti Gold Coast sọ fún àwọn tó ń bójú tó sàréè ológun pé ọmọ ilẹ̀ náà lásán kò ní mọ ìtumọ̀ òkúta orí sàréè, kò sì ní mọ iyì rẹ̀. Irú èrò yìí ló jẹ́ kí wọ́n fi ère kan tàbí òpó kan bo ẹgbẹẹgbẹ̀rún mọ́lẹ̀. Lọ́dún 2021, Commonwealth War Graves Commission fúnra wọn gbé ìwádìí jáde, wọ́n sì tọrọ àforíjì. Àwọn tó kú nínú Ogun Àgbáyé Kìíní tí wọn ò kọ orúkọ wọn síbì kankan, tàbí tí wọn ò rántí rárá, ó kéré tán wọ́n tó 116,000, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n tó 350,000. Áfíríkà àti Àárín Gbùngbùn Ìlà Oòrùn ni púpọ̀ wọn ti wá.

A fẹ́ kí ẹni tó sọ pé a ò mọ iyì sàréè bá wa rìn gba Bẹ́yẹrunkà. Kó wo ọ̀ọ̀dẹ̀ tí òkú àti alààyè jọ ń gbé. Kó wo bí wọ́n ṣe ń kí bàbá tó ti kú lówùúrọ̀, tí wọ́n ń tẹ́ ẹní sórí rẹ̀ lọ́sàn-án. Láyé àtijọ́, bí ẹnì kan bá kú sójú ogun tí wọn ò lè gbé e wálé, wọ́n á gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ wá, kí ilé lè rí nǹkan sin. Ní Ọ̀wọ̀, bí ẹni ńlá bá kú, wọ́n á gbẹ́ ère tó jọ ọ́, wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ, wọ́n á gbé e yí ìlú ká kí wọ́n tó sin ín. Àkó ni wọ́n ń pè é. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọ́n á gbẹ́ ère rẹ̀, wọ́n á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi osùn pa á lára, wọ́n á fún un lóúnjẹ. Kò sì sí ìyá kan tó ń pe ère yẹn ní ìbejì tí a kò mọ̀. Táyé ni, tàbí Kẹ́hìndé.

Ìyẹn ni òṣùwọ̀n tí a fẹ́ fi wọn ère ìrántí, ilé wa la ti rí i. Lójú Yorùbá, ère kì í dípò ogún ọ̀kẹ́ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kan ló ń dípò, ẹni náà sì lórúkọ, ó ní ẹni tó ń bọ́ ọ. Ẹni tó rì sókun, a ò lè gé irun rẹ̀, a ò lè gé èékánná rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni irun orí rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni èékánná rẹ̀. Òun nìkan ló kù tí a lè gbé wálé.

A mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí olóṣèlú kan bá ka àròkọ yìí. Kó tó di ìbò tó ń bọ̀, wọ́n á gbé atukọ̀ kan dúró sí oríta Bẹẹrẹ. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n á fi ṣe é, wọ́n á fi ọ̀dà wúrà kùn ún, ọrùn rẹ̀ á nípọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kúrú. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á lẹ mábù dúdú tí orúkọ ẹni tó ṣí i, orúkọ ẹni tó gbé iṣẹ́ náà síta àti orúkọ agbaṣẹ́ṣe wà lára rẹ̀ gàdàgbà. Orúkọ àwọn tó kú ò ní sí níbẹ̀. Ẹ rìn yí ìlú yín ká, ẹ lọ ka àwọn mábù tó wà lábẹ́ ère, ẹ ó rí i pé a ò parọ́. Irú ère bẹ́ẹ̀, a ò fẹ́. Ó sàn kí oríta ṣófo.

Kì í ṣe pé Ìbàdàn ò mọ bí ère ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ wo Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà tó dúró ní Challenge. Eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ọ́n sí òǹrorò. Ère náà ní tirẹ̀ sọ pé akọni obìnrin ni. Bí ẹ bá ti wọkọ̀ kọjá níbẹ̀, ẹ ó máa gbọ́ àríyànjiyàn: ẹnì kan á ní ìkà ni, ẹnìkejì á ní wọ́n purọ́ mọ́ ọn torí pé obìnrin ni, torí pé ó lówó. Ẹ ò rí i pé ère tó lórúkọ ṣeé bá jiyàn? Ó ṣeé dá lóhùn, ó ṣeé gbèjà. Sọ́jà tí kò lórúkọ, a kàn ń wò ó ni.

Àwọn kan á bi wá pé: kí ló kàn wá? Ogun òyìnbó ni. Wọ́n kó àwọn bàbá wa lọ jà fún òmìnira ẹni tí kò fún wa lómìnira. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Àwa náà ò fẹ́ òkúta tó máa yin ogun náà. Ṣùgbọ́n bí a bá tìtorí pé ogun náà kì í ṣe tiwa ká má kọ orúkọ wọn, ìyà méjì la fi jẹ wọ́n. Ẹni tó rán wọn níṣẹ́ gbàgbé wọn, ilé náà gbàgbé wọn. Àwọn mìíràn á ní ebi ń pa ìlú, kí la fẹ́ fi ère ṣe. Ìyẹn náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, torí náà la ò ṣe béèrè fún ère olówó ńlá. Àwọn mìíràn á ní ṣebí ọjọ́ 15 oṣù kìíní wà lọ́dọọdún, tí wọ́n ń fi òdòdó sí ibi ìrántí, tí wọ́n ń tú ẹyẹlé sílẹ̀. Ó wà lóòótọ́. Ẹyẹlé ń fò lọ, àwọn ọ̀gá ń wọ mọ́tò wọn. Ọdún wo lẹ ti gbọ́ kí wọ́n pe orúkọ ọmọ Ọjà'ba kan níbẹ̀?

Ohun tí a fẹ́ ò ju ògiri lọ. Ògiri kúkúrú nídìí Láyípo, tó ga dé àyà èèyàn, tí ọmọdé lè fọwọ́ kàn. Kí wọ́n kọ orúkọ sí i. Ní Tower Hill, ọkọ̀ ni wọ́n fi tò ó. Níbí, agboolé la fi máa tò ó, torí agboolé ni ọkọ̀ tiwa, òun la jọ ń wọ̀, òun la sì jọ ń rì sí. Lábẹ́ agboolé kọ̀ọ̀kan, orúkọ, ọdún tó lọ, ibi tó kú sí bí a bá mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ gun òkè Bower, kó kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá. Kí àyè ṣófo wà níbẹ̀ pẹ̀lú, torí àwọn tí a kò tíì rí.

Ó wá ku ọkọ̀ tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Àwọn tó wà nínú Ìbàdàn lọ́jọ́ tó rì, Biafra ni wọ́n ń jà fún. Ọ̀tá ni wọ́n lójú ìjọba tí Ìbàdàn wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Ṣé a máa kọ orúkọ wọn sára ògiri wa? A jiyàn lé e lórí láàárín ara wa títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹnì kan nínú wa ní rárá, pé orúkọ ìlú wà lára ọkọ̀ kò sọ wọ́n di ọmọ ìlú, àti pé àwọn ará ilé tiwọn ló yẹ kó sọ ibi tí wọ́n fẹ́ kí orúkọ ọmọ wọn wà. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Àwa yòókù ní ká kọ ọ́, bí àwọn ará ilé wọn bá gbà. Wọ́n lè má tẹ Ìbàdàn rí láyé wọn, ṣùgbọ́n Ìbàdàn lọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára ohun tí wọ́n dúró lé lórí nígbà tí ikú dé. Àwọn àgbà ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ògiri tó bá mọ ọmọ ẹni nìkan, tí kò lè mọ ọmọ ẹlòmíì tó kú lábẹ́ orúkọ ẹni, ogun náà ò tíì parí lára rẹ̀. A ò tíì fẹnu kò. A fi í síwájú yín bẹ́ẹ̀.

Èyí tí kò ní àríyànjiyàn nínú ni iṣẹ́ tó yẹ ká bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní. Iwé ìjọba àtijọ́ wà ní National Archives nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ lè lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lọ sílé. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ́dún 1945 ti ń lọ sí àádọ́rùn-ún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ báyìí, wọn ò pọ̀ nílẹ̀ mọ́. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ bi ìyá àgbà pé: "Ta ló kúrò nílé yìí tó wọkọ̀ ojú omi lọ sógun tí kò padà?" Bí wọ́n bá dá orúkọ kan, ẹ kọ ọ́ sínú fóònù yín. Ẹ kọ orúkọ àbísọ, ẹ kọ oríkì, ẹ kọ agboolé. Ẹ bi wọ́n bóyá ìyá rẹ̀ sunkún, bóyá wọ́n sin nǹkan kan nípò rẹ̀.

Bí wọ́n bá ní àwọn ò rántí mọ́, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ agboolé. Àyè tirẹ̀ á wà lára ògiri.